ÀYÀ TÍ Ń SÚFÈÉ: BÍ A TI Ń FI ÈÉMÍ FÍFẸ́ WÁDÌÍ ÁSÍMÀ LÁRA ÀWỌN ỌMỌ WA

Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ohùn yìí ní òru nínú àwọn ilé wa, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, àti nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí inú ilé sì tutù. Ọmọ kan á dìde jókòó lórí ẹní, á fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, àyà rẹ̀ á sì máa súfèé bí ẹni pé fèrè kékeré kan há sí i lọ́fun. Ìyá á tan iná, bàbá á wá ìgò òróró, ìyá àgbà á ní kí wọ́n fi nǹkan gbígbóná pa á láyà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ náà á ti dákẹ́. Á mu ẹ̀kọ rẹ̀, á sì sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni pé nǹkankan kò ṣe é rí. Bí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, tí dókítà sì tẹ́tí sí àyà rẹ̀, ó lè ṣe kí ó má gbọ́ ohunkóhun. Lórí ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Nítorí ọ̀nà kan wà tí a fi ń mú àrùn tí ń sá pamọ́ báyìí, ọ̀nà náà kò sì ju pé kí ọmọ fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ lọ.

Àrùn náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní ásímà. Ní ilẹ̀ wa orúkọ rẹ̀ kò ṣe ọ̀kan. Àwọn kan a máa pè é ní ikọ́ sémìsémì, àwọn mìíràn a máa pè é ní ikọ́ fée. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a máa fi orúkọ ikọ́ fée kan náà pe jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èyí tí í ṣe àrùn ọ̀tọ̀ pátápátá, tí ó ń ràn, tí oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ìdàpọ̀ orúkọ yìí ti ṣe ibi púpọ̀. A ti rí ìdílé tí ó ya àwo àti ife ọmọ sọ́tọ̀ nítorí ásímà, tí kì í ràn rárá. A sì ti rí èyí tí ó ń fi oògùn ásímà tọ́jú ọmọ tí ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ń bá jà. Nítorí náà, ásímà ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní àdúgbò wa ni ọ̀rọ̀ náà ti dé bá wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́jọ, ni a ó máa pè ní Dèjì níhìn-ín, bí kò tilẹ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan an. Ìyá náà wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nítorí ó mọ̀ pé a máa ń bá àwọn ènìyàn ka ìwé tí wọ́n bá gbà láti ọ́fíìsì tàbí láti ilé ìwòsàn. Ó tú ìdì kan sórí tábìlì wa: ìgò oògùn ikọ́ mẹ́rin, páálí kápúsù mẹ́ta tí a kò lò tán, àti ìwé kékeré kan tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti kọ orúkọ àrùn mẹ́ta sí. Èkíní ni òtútù àyà. Èkejì ni ikọ́ lásán. Ẹ̀kẹta ni ásímà, pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Èwo ni kí n gbàgbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

Àwa bi í pé, “Ìyá Dèjì, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti wọn èémí rẹ̀?”

Ó wò wá bí ẹni tí a bi léèrè bí a ti ń wọn òjìji. Ó ní, “Bàbá, èémí ṣe é wọ̀n ni?”

Èémí ṣe é wọ̀n. Kí ó tó yé wa bí a ti ń wọ̀n ọ́n, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àrùn náà ń ṣe nínú àyà. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró dà bí igi: ìtì kan ní ọ̀fun, ẹ̀ka ńlá méjì ní àyà, àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí a kò lè kà tán lẹ́yìn wọn. Lára ọmọ tí ó ní ásímà, awọ inú àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí a máa wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a máa dí wọn, iṣan tí ó yí wọn ká a sì máa fún wọn pọ̀ nígbà tí eruku, èéfín, òtútù, eré sísá tàbí ọ̀fìnkìn bá tọ́ wọn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé afẹ́fẹ́ ni kò wọlé tó. Ṣùgbọ́n mímí jáde ni ó máa ń nira jù. Nígbà tí a bá mí sínú, àyà a gbòòrò, àwọn ẹ̀ka náà a sì là díẹ̀. Nígbà tí a bá mí jáde, wọn a tún súnkì, afẹ́fẹ́ a sì há sẹ́yìn wọn. Ìdí nìyí tí súfèé náà fi ń dún jù nígbà tí ọmọ bá ń mí jáde. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi jẹ́ pé fífẹ́ ni a fi ń dán an wò.

Ohun kan ṣì wà tí ó ju èyí lọ, òun gan an ni a sì fẹ́ kí àwọn òbí dì mú. Kì í ṣe pé ọ̀nà náà fún nìkan ni àmì ásímà, bí kò ṣe pé ó ń fún, ó sì ń là. Ó lè fún ní òru kí ó là ní ọ̀sán. Ó lè fún ní ọjọ́ Ajé kí ó là ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó wọ̀n.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọn èémí kò ro ọ̀ràn àwọn ọmọdé rárá. Ní ọdún 1846, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Hutchinson, tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀rọ tí ó pè ní spirometer: ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé inú omi, tí ó ń gbéra sókè bí ènìyàn bá ti ń fẹ́ èémí sí abẹ́ rẹ̀. Ó fi wọn èémí ènìyàn tí ó ju 2,000 lọ, àwọn atukọ̀, ọmọ ogun, panápaná, ajìjàkadì, àti àwọn tálákà tí ìjọba ń bọ́. Iye èémí ni ó wọ̀n, kò wọn ìyára rẹ̀. Ó di ọdún 1947 kí Robert Tiffeneau ní Paris tó fi hàn pé ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ìwọ̀n èémí tí ó jáde láàrin àkókò kan tí a dá. Láti ibẹ̀ ni àṣà ti wá tí a fi ń wo ìṣẹ́jú àáyá kìíní. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá a máa fẹ́ èyí tí ó ju ìdá 80 nínú 100 gbogbo èémí rẹ̀ jáde nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo yìí. Èyí tí ọ̀nà rẹ̀ fún kò lè ṣe é. Á máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń jáde lára ọpọ́n tí ihò rẹ̀ dí.

Ìyá Dèjì gba ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà tí ó wà nítòsí, a sì bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ wa ni ó ní ẹ̀rọ yìí. A ti sọ fún wọn ṣáájú pé kí ọmọ náà má jẹun yó kọjá ààlà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ó má sáré púpọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, kí aṣọ rẹ̀ má fún un láyà. Àti pé bí ó bá ní oògùn ìtura tí a ń fín sẹ́nu, kí ó tó wákàtí mẹ́rin tí ó ti lò ó kẹ́yìn, àfi bí èémí rẹ̀ bá ń há. Bí èémí bá ń há, oògùn ni kí a fún ọmọ, kí a gbàgbé ìdánwò.

Dókítà obìnrin kan ni ó gbà wá. Ó ní kí Dèjì bọ́ bàtà, ó mú un dúró ti ògiri, ó wọn gíga rẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí èémí tí a ń retí lọ́wọ́ ọmọ gígùn kọ́ ni a ń retí lọ́wọ́ ọmọ kúkúrú. Ọmọ náà rí ẹ̀rọ, ẹ̀rù bà á.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀?”

Dókítà ní, “Kò sí abẹ́rẹ́. Àbẹ́là ni ìwọ yóò pa. Wò ó.”

Lójú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà ni àwòrán àkàrà òyìnbó kan wà tí àbẹ́là ń jó lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ èémí le, àbẹ́là á kú. Bí ó bá fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, iná wọn á kàn máa mì ni. Wọ́n fi ohun kékeré kan há a nímú, irú èyí tí a fi ń há aṣọ sórí okùn. Ó jókòó gbọnrangandan, ó mí sínú títí àyà rẹ̀ fi kún, ó fi ètè di ẹnu ọ̀pá náà pinpin, ó sì fẹ́ ẹ. “Fẹ́! Fẹ́! Má dúró, má dúró, ó kù díẹ̀!” Ariwo dókítà náà tó ti ẹni tí ń wo eré bọ́ọ̀lù. Ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò ka ìyẹn sí. Ìgbà kejì, ètè rẹ̀ là. Wọn kò ka ìyẹn náà sí. Fífẹ́ mẹ́ta tí kò lábùkù ni wọ́n ń wá, kí méjì tí ó dára jù lọ nínú wọn sì súnmọ́ra gírígírí. Bí ọmọ bá fẹ́ ẹ tó ìgbà mẹ́jọ tí kò tíì ṣe é, wọ́n á jẹ́ kí ó lọ sinmi, kí ó padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Dèjì rí i ṣe ní ìgbà kẹfà. Kò dun ún; ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni.

Èsì náà dára. Gbogbo èémí rẹ̀ jẹ́ lítà 1.70, èyí tí ó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kìíní jẹ́ 1.46, ìyẹn bí ìdá 86 nínú 100. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó ti ń di gèlè rẹ̀ láti máa lọ, ó ní Ọlọ́run ti mú ìtìjú kúrò.

Dókítà ní, “Ìyá, ẹ má tíì jó. Ta ni í mọ ilé tí ń jò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ọmọ yín kò súfèé lónìí. Ilé tí òjò kò rọ̀ sí ni a wò.”

Lójú tiwa, gbólóhùn yìí ni ó yẹ kí a kọ sára ògiri gbogbo yàrá tí a ti ń wọn èémí. A mọ àwọn òbí tí wọ́n ti gba irú èsì rere bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì da oògùn nù nítorí rẹ̀. Èsì tí kò dára ní ẹ̀rí púpọ̀ nínú. Èsì tí ó dára ní ọjọ́ tí ara ọmọ dá kò dá àrùn náà láre.

Ohun tí dókítà ṣe lẹ́yìn èyí ni ó wú wa lórí jù. Ó yá wọn ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń pè ní peak flow meter. Ọ̀pá oníke ni, ó gùn tó ìka ọwọ́ méjì, kò sì ń lo iná mànàmáná. Bí ọmọ bá fẹ́ ẹ gìrì lẹ́ẹ̀kan, àmì kan á sún lára ìwọ̀n tí a kọ sí i, á sì dúró síbi tí agbára èémí náà gbé e dé. Martin Wright, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, tí a sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1959. Nígbà náà ó tóbi, ó sì wúwo, kò ṣe é gbé káàkiri bí ti ìsinsìnyí. Dèjì yóò máa fẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní òwúrọ̀ àti ẹ̀ẹ̀mẹta ní alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá rẹ̀ yóò sì máa kọ èyí tí ó ga jù sílẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, iṣẹ́ di tiwa. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ la ìlà sínú ìwé ìṣirò kò lè fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. A mú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan, a là á sí òpó mẹ́rin: ọjọ́, òwúrọ̀, alẹ́, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Òpó kẹrin yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni ìyá kọ “ó hú ikọ́ ní aago méjì òru” sí, àti “wọ́n sun pàǹtí lẹ́yìn ilé,” àti “ó sá eré ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì jókòó.”

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ bí a ti ń ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Dèjì fẹ́ 150 ní òwúrọ̀, ó fẹ́ 200 ní alẹ́. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 50. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀ tí a sì pín in sí méjì, a ní 175. Bí a bá wá fi 175 pín 50, ó jẹ́ ìdá tí ó lé díẹ̀ ní 28 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì pín in sí iye ọjọ́. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Bìrìtìkó fi lélẹ̀ ní oṣù November 2024 ni pé bí ó bá tó 20 nínú 100, ẹ̀rí ásímà ni. Àjọ àgbáyé tí a ń pè ní GINA, tí ń ṣe ìlànà fún gbogbo orílẹ̀-èdè lórí àrùn yìí, fi ti ọmọdé sí 13. Ẹ má jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí dà yín lójú rú: ọ̀kan fẹ́ kí ẹ̀rí wúwo kí ó tó dájọ́, èkejì kò fẹ́ kí ọmọ kankan bọ́ sọnù.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó pẹ̀lú. Nígbà tí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ kẹsàn-án kà báyìí: 190 ní òwúrọ̀, 190 ní alẹ́. Ọjọ́ kẹwàá: 190, 190. Akọ̀wé àgbà mọ irú òǹkà bẹ́ẹ̀ bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. A pe Dèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì jẹ́wọ́ pé ìyá òun lọ sí ọjà ní ọjọ́ méjèèjì, òun kò fẹ́ ẹ, òun kọ ọ́ ni. A fa igi lé ọjọ́ méjèèjì. Àwọn ọjọ́ 12 tí ó kù fún wa ní 22 nínú 100. Ẹni tí yóò bá fi ìwé yìí lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó dúró tì í.

Pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n padà sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ kan tí ọyẹ́ mú gidigidi. Ní ọjọ́ yìí èémí ìṣẹ́jú àáyá kìíní kò ju lítà 1.20 lọ nínú gbogbo èémí 1.65, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí ìdá 73 nínú 100. Dókítà fún un ní oògùn ìtura, salbutamol, ní ìfín mẹ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike tí a ń mí láti inú rẹ̀, ó sì ní kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà ó tún fẹ́ ẹ: 1.44. Ó fi 0.24 ga ju ti ìṣáájú lọ, èyí tí í ṣe ìdá 20 nínú 100. Bí ó bá ti tó 12, ìlànà ti 2024 kà á sí ásímà. Ọ̀nà tí ó fún ti là lójú wa, láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ìgò oògùn ikọ́ tí í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà mú ìwé kékeré àtijọ́ náà, ó fa igi lé orúkọ méjì, ó sì pa àmì ìbéèrè rẹ́ lára ẹ̀kẹta.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí a kò rí ní ilé ìwòsàn náà, ṣùgbọ́n tí ìlànà Bìrìtìkó fi ṣíwájú fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 16. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Swídìn fi hàn pé gáàsì kan tí a ń pè ní nitric oxide wà nínú èémí tí ènìyàn ń mí jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni a rí i pé ó máa ń pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ lára àwọn alásímà. Wíwú inú ọ̀nà èémí ni ó fi í hàn. Níhìn-ín ọmọ kò ní fẹ́ ẹ gìrì. Jẹ́jẹ́, ní ìwọ̀n kan náà, ni yóò máa mí jáde fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tàbí mẹ́wàá. Bí òǹkà rẹ̀ bá tó 35 lára ọmọ tí ìtàn rẹ̀ jọ ti ásímà, Bìrìtìkó kò béèrè ẹ̀rí mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí imú rẹ̀ máa ń ṣe nítorí eruku lè ní òǹkà gíga láì ní ásímà. Oògùn ìdènà a máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ewébẹ̀ tútù kan tilẹ̀ lè gbé e sókè bí a bá jẹ wọ́n ṣáájú.

Àwọn ìyá yóò béèrè pé, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò lè fẹ́ ẹ bí ó ti yẹ. Dókítà á tọ́jú wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó rí àti ohun tí òbí sọ, á sì máa yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n bá pé márùn-ún, kí a dán wọn wò, bí wọn kò bá sì rí i ṣe, kí a tún gbìyànjú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré ni àyà wọn ń súfèé nígbà ọ̀fìnkìn tí kì í sì í ṣe ásímà. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀kan: ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tí ó ń jẹ ẹ̀pà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lójijì, tí súfèé sì wà ní apá kan àyà rẹ̀. Ẹ̀pà lè ti há sí ẹ̀ka ọ̀nà èémí. Ẹ má dúró de ẹ̀rọ kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan an.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ràn Dèjì ṣàjèjì. Ní ọdún 2024 ni a tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, èyí tí Yunifásítì Queen Mary ti London darí láàrin àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọdún 12 sí 14 ní àwọn ìlú ńlá orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà: Màláwì, Gúúsù Áfíríkà, Sìmbábúwè, Ùgáńdà, Gánà, àti Nàìjíríà, níbi tí Èkó ti dúró fún wa. Wọ́n bi àwọn ọmọ tí ó tó 27,000 léèrè. Nǹkan bí 12 nínú 100 ni ó ní àmì ásímà. Nínú àwọn wọ̀nyí, nǹkan bí 20 péré nínú 100 ni dókítà ti sọ fún rí pé ásímà ni. Àwọn yòókù ń gbé e kiri láì ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn ará wa tí ń gbé ní London, Houston àti ibi gbogbo lẹ́yìn òkun. Òǹkà tí ọmọ fẹ́ kò ní ìtumọ̀ àfi bí a bá fi wé ìwé ìwọ̀n tí ó sọ iye tí a ń retí. Ní ayé ẹrú ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tí ó ní ẹrú, Samuel Cartwright, fi spirometer sọ pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn ènìyàn dúdú kò lágbára, ó sì fi gbe oko ẹrú lẹ́yìn. Òwe rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n àṣà rẹ̀ kò tètè kú: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni a ṣe tí ó ń dín iye tí a ń retí lọ́wọ́ ènìyàn dúdú kù ní 10 sí 15 nínú 100. Èyí já sí pé ọmọ tí èémí rẹ̀ kò tó lè gba èsì pé ó tó fún irú tirẹ̀. Ní 2023 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àyà ní Amẹ́ríkà, American Thoracic Society, dámọ̀ràn pé kí a lo ìwé ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ẹ̀yà. Òbí lè fi ọ̀wọ̀ béèrè èwo ni ẹ̀rọ tí a fi wọn ọmọ òun ń lò.

Nígbà tí orúkọ dé, ẹ̀rù dé pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá Dèjì fọkàn balẹ̀ lórí àrùn, ó wá bẹ̀rù oògùn. Wọ́n ti sọ fún un lọ́jà pé ọmọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìnhélà kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Dókítà sọ fún un pé oríṣi méjì ni: ti ìtura, tí ń la ọ̀nà lójú ẹsẹ̀, àti ti ìdènà, tí ń mú wíwú inú rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí a sì gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara dá. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìtura nìkan, ewu ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Owó rẹ̀ kò kéré, pàápàá láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde ní oṣù August 2023 pé òun ń kógbá kúrò ní Nàìjíríà. Èyí kò sì ní ìtùnú tí a lè fi sí i. Ní ti ike tí a ń mí láti inú rẹ̀, ìtùnú wà: ní 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn pé ìgò ike tí ń gba ìdajì lítà, tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹnu ìnhélà lè wọ̀ ọ́ pinpin, ń ṣe iṣẹ́ náà dáradára bí èyí tí a ń rà. Kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì fi bí a ti ń ṣe é hàn yín.

Bí ọmọ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láì sinmi, bí awọ àárín ìhà rẹ̀ bá ń wọlé bí ó ti ń mí, bí ètè rẹ̀ bá ń ṣú, tàbí bí súfèé náà bá dákẹ́ tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ fún un ní oògùn ìtura rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìgbà náà kọ́ ni ìgbà wíwọn èémí.

Dèjì ti lo oògùn ìdènà fún oṣù mẹ́ta nígbà tí a kọ ìwé yìí. Òwúrọ̀ àti alẹ́ rẹ̀ ti súnmọ́ra, 210 àti 220, a sì ti rí i lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú eruku dé orúnkún. Ìyá rẹ̀ fi bébà àlòkù bo ìwé onílà náà bí ẹni bo ìwé orin. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó tún kan ilẹ̀kùn wa, ìwé ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa la ìlà sí èyí náà. Òpó mẹ́rin.”